Fífún Epo Lára Èkùrọ́ àti Ẹ̀pà: Ìdí Tí Ó Fi Ń Pọ̀ Fún Ẹnì Kan, Tí Ó Sì Ń Dín Fún Ẹlòmíràn

Nígbà tí a bá dárúkọ epo ní Ìjẹ̀gùn lónìí, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sí ọjọ́ 15 oṣù May ọdún 2008, nígbà tí ẹ̀rọ tí a fi ń la ọ̀nà gún páìpù epo bẹntiróòlù tí ó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá níbẹ̀, tí iná sọ, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n epo mìíràn wà tí àwọn Àwórì, àwọn onílẹ̀ àtijọ́, ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ri páìpù mọ́ ilẹ̀: èyíinì ni epo tí ó ti ara ọ̀pẹ wá. Ibi tí ó jẹ́ oko àti igbó nígbà kan rí ti di àdúgbò ilé nínú Alímọ̀ṣọ́, lẹ́bàá Ìkọ̀tún. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fún epo níbẹ̀ nísinsìnyí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọjà ni yóò ti ra èkùrọ́ rẹ̀, kì í ṣe abẹ́ ọ̀pẹ bàbá rẹ̀ ni yóò ti ṣà á. Èyí ni ó mú kí ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ṣa èso lọ́fẹ̀ẹ́ lè fi epo díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó má sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ó fi owó rà á kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó sì jèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé obìnrin méjì jáde lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ kan náà, tí wọ́n sì ra èkùrọ́ lára òkìtì kan náà, àpò kan fún ẹnì kìíní, àpò kan fún ẹnì kejì. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ kan náà ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kẹ́ẹ̀gì ti ẹnì kìíní kún, epo rẹ̀ mọ́, ó sì ń dán. Ti ẹnì kejì kò tó bẹ́ẹ̀, ó dúdú, ó sì ń hó yeeye nígbà tí a gbé e ka iná. Àwọn aládùúgbò yóò ní ọwọ́ ọ̀kan dára ju ti èkejì lọ. Àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ máa wo ẹlẹ́rọ náà bí olè. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó jalè, kò sì sí ẹni tí ó ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹnì kejì ti pàdánù epo rẹ̀ kí ó tó gbé àpò kọjá ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́rọ.

Epo kì í dúró nínú èso bí omi ti í dúró nínú ìkòkò. Nínú àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni ó wà; ògiri yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, àti nínú yàrá náà, ohun tí í mú ara dàgbà, tí a ń pè ní purotéènì, tún di epo náà mú. Kí epo tó lè jáde, ògiri gbọ́dọ̀ wó. Ohun tí ó dì í mú gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Epo fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kí ó lè ṣàn. Ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ tí yóò gbà kọjá. Ẹ̀rọ kò lè ṣe gbogbo èyí. Ti ẹ̀rọ ni kí ó tẹ̀. Ti ẹni tí ó ni èso ni kí ó pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún títẹ̀.

Èkùrọ́ gbígbẹ a máa ní epo tí ó tó 45 sí 50 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀pà kò jìnnà sí i. Ẹ̀gúsí tí a ti bó a máa tó bí ìdajì. Àgbọn tí a sá gbẹ ni ó borí, nítorí ó lè ju 60 lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí a ti ṣe mọ ohun tí ó pamọ́ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn ni pé ní ọdún 1879 ará Jámánì kan, Franz von Soxhlet, ṣe ohun-èlò onídígí kan tí oje apẹpo máa ń gbà kọjá lára èso tí a ti lọ̀, tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, títí kò fi ní sí epo kankan mọ́ nínú rẹ̀. Títí di òní olónìí ohun-èlò náà wà nínú ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogbo. Òun ni a fi ń mọ iye tí ó wà nínú èso kí a tó fún un, àti iye tí ó ṣẹ́kù nínú ìyókù lẹ́yìn tí a ti fún un tán.

Nísinsìnyí ẹ wo ìṣirò yìí. Bí 100 kílò èkùrọ́ bá ní epo 48 kílò, ohun tí kì í ṣe epo nínú rẹ̀ jẹ́ 52. Bí ìyókù tí ó ti ẹnu ẹ̀rọ jáde bá ṣì ní epo 8 nínú 100, epo tí ó bá a lọ kò ju kílò mẹ́rin àbọ̀, èyí tí ó sì bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì yóò tó 43 àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyókù náà bá ní epo 20 nínú 100, kílò 13 ni ó bá a lọ, 35 péré ni yóò sì wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Kílò mẹ́jọ àbọ̀ ni ìyàtọ̀ wọn lórí 100 kílò kan ṣoṣo. Kí ẹni tí ń fún epo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fi èyí sọ iye àpò tí ó ń fún láàárín ọdún, kí ó sì wò ó bóyá owó ilé-ìwé ọmọ kan kò sí nínú rẹ̀.

Omi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Níbi tí a ti ń pa èkùrọ́ púpọ̀, a máa ń da èkùrọ́ àti èèpo líle rẹ̀ pọ̀ sínú omi tí a po amọ̀ mọ́, kí èkùrọ́ lè léfòó kí èèpo sì rì. Ọgbọ́n dáradára ni, ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ṣíṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èkùrọ́ tí ó ti inú omi jáde ti mu omi; bí a bá sì rọ ọ́ sínú àpò lọ́jọ́ náà, yóò gbóná láàárín àpò, yóò bu, epo inú rẹ̀ yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan kí a tó ronú àtifún un. Èkùrọ́ tí a ó tọ́jú pamọ́ kò yẹ kí ó ní omi ju 7 lọ nínú 100. Àgbẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi wọn èyí, ṣùgbọ́n ó ní eyín àti etí: èkùrọ́ tí ó gbẹ a máa dá kàì lẹ́nu, kì í tẹ̀, bí a bá sì bu ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan tí a gbọ̀n ọ́n, a máa dún ṣaworo bí ọmọ ayò.

Ní agbègbè Èkó, láti oṣù April títí di July, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, èkùrọ́ tí ó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ a sì tún máa fa omi padà sára. Àpò tí a gbé lé orí sìmẹ́ńtì lásán yóò fa ọ̀rinrin láti ìsàlẹ̀ wá, bí òrùlé ilé náà tilẹ̀ dára. Kí a tẹ́ pákó sí abẹ́ rẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí ó fara kan ògiri. Kí a yọ èyí tí ó ti fọ́ sọ́tọ̀ pẹ̀lú, kí a sì kọ́kọ́ fún un, nítorí ojú ọgbẹ́ ni èbu ń gbà wọlé. Sísá èso sí etí ọ̀dà títì kò yẹ ọmọlúwàbí: eruku àti èéfín ọkọ̀ a di oúnjẹ.

Bí èso bá tutù jù nígbà tí a gbé e sínú ẹ̀rọ, yóò di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ náà a máa yọ̀, irin kò ní rí ibi dì í mú, epo àti omi yóò sì dàpọ̀ bí ọbẹ̀ tí a rò. Omi yẹn ni ó ń mú kí epo hó yeeye lórí iná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé bí ó ti gbẹ tó ni ó dára tó, òun náà ṣìnà. Èso tí ó gbẹ kọjá ààlà a di ìyẹ̀fun, kò ní fara mọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa ké, irin rẹ̀ yóò gbóná jù, epo yóò sì jáde pẹ̀lú òórùn jíjó. Fún púpọ̀ nínú àwọn èso tí a ń fi ẹ̀rọ fún, láti nǹkan bí 4 sí 7 nínú 100 ni omi ti yẹ kí ó wà. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń wọ́n omi díẹ̀ sí èso tí ó gbẹ jù kí wọ́n tó gbé e ka iná. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé wọ́n ń fi omi lú u láti jẹ́ kí ó wúwo.

Iná ni ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ti se ẹyin rí ti rí bí ohun tí ń ṣàn nínú èèpo ẹyin ti í dì nígbà tí ooru bá kàn án. Bákan náà ni purotéènì inú èso ń dì, nígbà tí ó bá sì dì, epo tí ó dì mú a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru tún ń mú kí epo fẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àdín a máa dì nínú ìgò ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí yóò sì yọ́ nígbà tí oòrùn bá gòkè; báwo ni ohun tí ó lè dì nínú ìgò yóò ṣe tètè jáde láti inú èkùrọ́ tútù? Ooru tún ń pa ohun kan nínú èso tí í máa sọ epo di ásíìdì. Àǹfààní mẹ́ta nìyí láti inú agbada kan.

Ṣùgbọ́n agbada yìí kan náà ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí orúkọ àdín yóò gbọ́ dídín nínú rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, a máa ń da èkùrọ́ sínú ìkòkò lórí iná gbígbóná, a ó sì máa dín in títí epo yóò fi máa sun jáde lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Epo náà a dúdú, òórùn rẹ̀ a sì le. Fún ìpara àti fún oògùn, àwọn ènìyàn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra epo láti se ọṣẹ tàbí láti fi ṣe oúnjẹ kò fẹ́ ẹ, nítorí àwọ̀ tí iná ti mú wọ inú epo ṣòro láti bó. Nítorí náà kí a yan èkùrọ́ lórí iná jẹ́jẹ́, kí a máa rò ó láìdúró, kí a má sì lọ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ara rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀, tí òórùn dídùn ń jáde, tí ọwọ́ sì ń dán bí a bá fi ìka méjì tẹ hóró kan tí a ti fọ́, ó tó. Bí ó bá ti ń rú èéfín, ó ti kọjá. Kí a sì gbé e lọ fún títẹ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná. Èyí tí a yan ní òwúrọ̀ tí a sì fún ní ìrọ̀lẹ́ ti sọ ìdajì àǹfààní iná náà nù.

Bí epo bá gbiná nínú agbada, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi sí i. Omi yóò rì sábẹ́ epo, yóò sì bú gbàù, yóò gbé iná náà fò sókè sí ojú àti òrùlé. Kí a pa iná ìsàlẹ̀, kí a fi ìdérí irin bo agbada, kí a sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ọmọdé kò ní iṣẹ́ kankan nítòsí agbada náà.

Nípa ti lílọ̀, ó dàbí ẹni pé bí a bá ti lọ èso kúnná tó ni epo yóò ti pọ̀ tó, nítorí pé ògiri púpọ̀ sí i yóò wó. Ní ọdún 1990, Adeeko àti Ajibola, onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀pà. Wọ́n yí bí ẹ̀pà ti kúnná tó padà, wọ́n yí ooru rẹ̀ padà, àti ìṣẹ́jú tí ó fi wà nínú ooru, àti agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì ń wo iye epo tí ó jáde àti bí epo náà ti dára tó. Ẹ̀pà tí a kàn fọ́ wẹ́wẹ́ ni ó so epo ju èyí tí a lọ̀ kúnná lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Èyí tí ó kúnná bí àtíkè a máa di gbogbo ojú ọ̀nà tí epo ìbá gbà jáde, gẹ́gẹ́ bí amọ̀ ti í dí asẹ́; díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì bá epo jáde, epo a di dídàrú. Ní ọdún náà gan-an ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀gúsí ti ọ̀dọ̀ wọn jáde.

Àwọn onímọ̀ Ifẹ̀ wọ̀nyí kò dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọdún 2000, wọ́n wá ọ̀nà láti mọ ibi tí epo ti ń kọ́kọ́ yọjú: wọ́n ń tẹ yànmọ̀tí, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀wà sóyà, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń kọ agbára tí ó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìkán epo àkọ́kọ́ hàn. Ẹni tí kò bá ronú lè rẹ́rìn-ín sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èso kan bá jẹ́ kí epo rẹ̀ yọjú lábẹ́ agbára díẹ̀ nítorí pé a yan án dáradára, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ọwọ́ yí yóò tó o. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ńlá ni yóò máa bèèrè, owó rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ àgbẹ̀. Iná igi díẹ̀ lè dín agbára irin kù.

Ìfúntí fúnra rẹ̀ kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. Ohun àtijọ́ ni. Orúkọ ọgbà Gẹ́tísémánì pàápàá, ìfúntí òróró ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1795 ni Joseph Bramah, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń fi omi tí a sé mọ́ inú irin tẹ nǹkan, ìlànà rẹ̀ kan náà sì ni jáàkì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé ọkọ̀ sókè ń lò. Ní ọdún 1900, Valerius Anderson ní Amẹ́ríkà gba tirẹ̀ lórí èyí tí irin lílọ́ kan ń yí nínú rẹ̀, tí ń ti èso síwájú láìdúró. Ìran rẹ̀ ni ó wà ní púpọ̀ nínú àwọn ilé ìfúnpo lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni kí olójáàkì rántí: sùúrù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, àwọn ọ̀nà inú èso yóò pa dé kí epo tó jáde. Kí a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí a dúró kí epo sun, kí a tún tẹ̀ ẹ́. Kí a má sì rọ èso nípọn jù sínú rẹ̀, nítorí epo àárín yóò ní ọ̀nà jíjìn láti rìn.

Àwọn obìnrin tí ń ṣe kúlíkúlí kò ní ẹ̀rọ rárá, síbẹ̀ wọ́n ń rí epo. Wọ́n a yan ẹ̀pà, wọ́n a lọ̀ ọ́, wọ́n a sì máa gún un tàbí kí wọ́n máa fi ọwọ́ pò ó, bí wọ́n ti ń ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Omi náà ń wọ inú ìyẹ̀fun ẹ̀pà, ó sì ń lé epo jáde, nítorí ibùgbé kan kò gba àwọn méjèèjì. Bí omi bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ a di ògì, epo yóò sì kọ̀ láti yà. Ní apá Ṣakí àti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lókè, àwọn tí ń po òrí láti inú èso igi ẹ̀mí mọ irú ọgbọ́n kan náà: ooru omi ni ó ń pinnu bóyá òrí yóò léfòó tàbí kò ní léfòó. Kò sí ìwé tí ó kọ́ wọn.

Lórí ẹ̀pà, ọ̀ràn kan wà tí ó ju ọ̀ràn owó lọ. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú láàárín oṣù díẹ̀, a kò sì mọ àrùn tí ó pa wọ́n. Nígbà tí a wádìí rẹ̀ dé ìdí, oúnjẹ wọn ni: ìyókù ẹ̀pà tí a ti fún epo rẹ̀, tí a kó wá láti ilẹ̀ Brazil. Èbu kan ti hù lára ẹ̀pà náà, èbu yìí sì ti fi oró sínú rẹ̀. Oró yìí ni a wá sọ ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ wà nínú ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ewu náà sì pọ̀ jù fún ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ẹni tí ń fún ẹ̀pà ronú lórí èyí dáradára. Nígbà tí a bá fún ẹ̀pà tí ó ti bu, púpọ̀ nínú oró náà a dúró sínú ìyókù, èyíinì ni pé inú kúlíkúlí tí àwọn ọmọ fi ń mu gààrí ni ó wà. Díẹ̀ sì ń bá epo lọ, nítorí epo tí a fún nílé kò kọjá nínú ìfọ̀mọ́ tí epo ilé-iṣẹ́ ńlá ń kọjá. Yíyan àti dídín kò pa á run tán. Àwọn kan ní ọjà a máa ṣa ẹ̀pà dídára fún títà ní jíjẹ, wọ́n a sì kó èyí tí ó bu, èyí tí ó súnkì, àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà fún àwọn tí yóò fún epo, wọ́n a ní, “Kò sí ẹni tí yóò dá a mọ̀ nínú epo.” Ìwà ìkà ni, bí ẹni tí ń hù ú kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ènìyàn, kò yẹ fún adìẹ. Kí a gbẹ́ ihò kí a sin ín. Kí ẹ̀pà má baà bu, kí a tètè sá a lẹ́yìn tí a bá ti hú u, kí ojú ilẹ̀ má fara kan án, kí a má sì wọ́n omi sí i láti mú kí ó rọrùn fún bíbó bí a kò bá ní í lò ó lọ́jọ́ náà.

A kò lè parí láìdárúkọ epo pupa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ẹran ẹyìn ni ó ti ń wá, kì í ṣe inú èkùrọ́. Ohun tí ń sọ epo di ásíìdì, tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, pọ̀ nínú ẹyìn púpọ̀púpọ̀; ní kété tí a bá ti pa ẹyìn lára ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Àṣà fífi ìdì ẹyìn sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó lè rọrùn láti gbọ̀n a máa dín iṣẹ́ ọwọ́ kù, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú kí epo máa ta ọ̀fun. Kí a gbọ̀n ọ́n, kí a sì tètè sè é dáradára kí a tó gún un. Ooru ni yóò pa ohun náà. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ lẹ́bàá ìlú Benin, tí a dá sílẹ̀ ní 1939, tí a sì ń pè ní NIFOR láti 1964, ni àwọn àgbẹ̀ ń lọ fún ọ̀pẹ tuntun tí ẹran ara rẹ̀ nípọn. Kí ẹni tí ó fẹ́ gbìn ín mọ̀ pé èkùrọ́ rẹ̀ kì í tóbi tó ti ọ̀pẹ àtijọ́. Ohun tí a jèrè ní ẹ̀yìn, a san díẹ̀ nínú rẹ̀ padà ní inú.

Àwọn ará Ìjẹ̀gùn àti agbègbè rẹ̀ kò jìnnà sí Òṣòdì, níbi tí ilé ìwádìí iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1956, tí a ń pè ní FIIRO. Wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ síse oúnjẹ àti ohun ọ̀gbìn di ọjà níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfúnpo yóò ṣe dáradára bí ó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kí ó tó kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Epo tí a ti fún tán, kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí pàǹtí rẹ̀ lè rì, kí a rọra da èyí tí ó mọ́ kúrò lórí rẹ̀, kí a sì gbé e ka iná díẹ̀ títí híhó omi yóò fi dáwọ́ dúró. Kí kẹ́ẹ̀gì gbẹ kí a tó rọ ọ́ sí i, kí ó kún dé ọrùn, kí a sì gbé e kúrò nínú oòrùn. Omi, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni ó ń mú epo kan.

Ìyókù èkùrọ́, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní PKC, ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù. Èyí tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó kan, nítorí náà kí a má ṣe tò ó jọ de owó gọbọi. Kí ẹni tí ó ni ín sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́rọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ, kí ó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń dán bí ẹni tí ó fi epo para, kí ó bi ẹlẹ́rọ bóyá irin rẹ̀ ti jẹ, lẹ́yìn náà kí ó bi ara rẹ̀ bí èkùrọ́ náà ti gbẹ tó nígbà tí ó gbé e wá, àti bí ó ti pẹ́ tó tí ó kúrò lórí iná.